Lítà Ni Kí Ẹ Fi Kà Á: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Dísẹ̀lì Àwọn Awakọ̀ Tírélà

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ti gúnlẹ̀ sí Maraban Rido tàbí Mando ní Kàdúná, tí ẹ na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó ọkọ̀, tí ẹ ń dúró de ẹrù, ẹ bá mi gbé ohùn rédíò yín sókè díẹ̀, nítorí ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, ẹ̀yin àti àwọn ọ̀gá tó ni ọkọ̀ tí ẹ ń wà.

Dísẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wa, èyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń pè ní gáàsì. Mo fẹ́ ká yẹ bí wọ́n ṣe ń fún awakọ̀ lówó rẹ̀ wò, bí awakọ̀ ṣe ń san án nílé epo, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Mo ti bá àwọn ọlọ́kọ̀ tírélà ṣe ìwé owó nílùú yìí, kò sì sí ohun tí mo rí tó ń tú awakọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ ká bí owó dísẹ̀lì. Ohun kan ni mo fẹ́ rọ̀ yín sí: ẹ fi lítà ṣe àdéhùn yín, ẹ má fi náírà ṣe é.

Ẹ wo bí ó ṣe sábà máa ń lọ. Ẹ́jẹ́ǹtì bá ọkọ̀ wá ẹrù àgbàdo láti Kàdúná lọ sí Èkó. Ẹlẹ́rù san ìdajì owó ọkọ̀ ṣáájú, ẹ́jẹ́ǹtì yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gá wá ka owó lé awakọ̀ lọ́wọ́: "Owó dísẹ̀lì rẹ nìyí, owó oúnjẹ ìwọ àti mọ́tò-bọ́ì nìyí, owó ọ̀nà nìyí." Ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ iye lítà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà. Kò sẹ́ni tó yọjú wo ohun tó wà nínú tánkì kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ọkọ̀ bá dé, awakọ̀ á ní owó yẹn kò tó, òun tún yá lọ́nà. Ọ̀gá á ní irọ́ ni, o ti jẹ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí àgbà kankan lè fi dá wọn lẹ́jọ́, torí náírà tí wọ́n fi ṣe àdéhùn kì í dúró sójú kan.

Ẹ rántí ọdún 2022. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa sọ pé ìpíndọ́gba iye tí wọ́n ń ta lítà dísẹ̀lì kan káàkiri Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi 288 náírà. Ní oṣù Kejì, Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, ọjà epo àgbáyé sì gbóná. Nígbà tí ọdún fi máa parí, lítà kan ti lé ní 800 náírà. Owó ìrànwọ́ ìjọba tí à ń gbọ́ pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde òpin rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ti pẹtiróòlù nìyẹn. Dísẹ̀lì ti wà láìní olùrànlọ́wọ́ tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà: bí ọjà àgbáyé bá mì, tàbí tí dọ́là bá gbẹ́sẹ̀ sókè, dísẹ̀lì kì í dúró di ọjọ́ kejì. Nítorí náà ọ̀gá tó ń fún awakọ̀ rẹ̀ ní iye kan náà lọ́dún 2022 yẹn, tí kì í fi kún un àfi lẹ́yìn ìjà, awakọ̀ ló ń fi ìyà ọjà jẹ.

Lọ́dún 2024 ó tún gba ibòmíràn yọ. Ní oṣù Kejì, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, NARTO, dá ọkọ̀ dúró nítorí pé owó tí wọ́n ń ná sórí iṣẹ́ ti ju èrè lọ, dísẹ̀lì sì wà lára olórí ẹ̀sùn wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ilé ìfọpo Dangote ní Ibẹ̀jú-Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ sí í ta dísẹ̀lì, ó sọ lítà kan di 1,200 náírà, kò sì pẹ́ tó fi já a sí 1,000 fún àwọn tó ń kó o lọ́pọ̀. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọn kò gbọ́, tí wọ́n ṣì ń ka owó àtijọ́ lé awakọ̀ lọ́wọ́. Àjẹkù bọ́ sápò awakọ̀ láìjẹ́ pé ó jí kọ́bọ̀ kan. Bí àdéhùn náírà ṣe rí nìyẹn: lónìí á pa ẹnì kan lẹ́kún, lọ́la á pa ẹnì kejì.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí, kí ẹ mú bírò. Ká fi Kàdúná sí Èkó sí 800 kìlómítà. Tírélà tó ru 30 tọ́ọ̀nù, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì dára, lè fi lítà kan rin nǹkan bíi kìlómítà méjì; 400 lítà nìyẹn. Bí ó bá ń padà lófìfo, lítà kan lè gbé e ju kìlómítà mẹ́ta lọ, ká fi ìpadà sí 250 lítà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 650 lítà. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, owó rẹ̀ á jẹ́ 650,000. Ó wá ku ọ̀la kí ọkọ̀ kúrò l'Ékòó, iye lítà fi 100 náírà lé. Lórí ìpadà nìkan, 25,000 náírà ti di gbèsè. Lọ́rùn ta ni? Bí àdéhùn bá jẹ́ ti náírà, ìjà ni yóò dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ti lítà, 250 lítà ṣì ni 250 lítà, ọ̀gá ni yóò fi owó kún un. Ọ̀gá ló ni ọkọ̀, òun ló ń jẹ èrè ẹrù, òun náà ló yẹ kó gbé ewu ọjà. Awakọ̀ ló di sítíárì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà lórí ìtẹ̀, òun ló yẹ kó dáhùn fún lítà tó jó. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn tó tọ́ ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa mọ iye lítà tí ọkọ̀ yín ń jẹ? Ẹ má bi ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ yín. Howo tó ṣì tuntun kì í jẹ bíi DAF tòkúnbọ̀, tòkúnbọ̀ méjì pàápàá kì í jẹ bákan náà. Ẹ wá ilé epo kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ rọ tánkì kún dé ọrùn, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà kìlómítà sílẹ̀. Kí ọkọ̀ lọ, kí ó bọ̀. Gbogbo lítà tí awakọ̀ bá rà lọ́nà, kí ó kọ ọ́. Bí ó bá dé, ẹ padà sílé epo kan náà, ẹ tún rọ ọ́ kún dé ọrùn. Èyí tí ẹ rà lọ́nà pẹ̀lú èyí tí ẹ fi kún un nígbẹ̀yìn ni ọkọ̀ jẹ. Ẹ pín kìlómítà sí i, ẹ ó mọ ibi tí lítà kan ń gbé e dé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí ìrìn kan lè bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pàdé ní Apapa, ẹ́ńjìnì tó bá sì ń kùn lójú kan lè jẹ lítà méjì sí mẹ́ta ní wákàtí kan.

Mo mọ̀ pé mítà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti kú, mítà dísẹ̀lì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sì ti kú kí ọkọ̀ tó dé Nàìjíríà. Àwọn mọ́tò-bọ́ì tó mọṣẹ́ ní oògùn rẹ̀. Wọ́n á gé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gún régé, tó ga ju jíjìn tánkì lọ díẹ̀. Wọ́n á da dísẹ̀lì sínú tánkì tó ṣófo ní 20 lítà, 20 lítà, láti inú òṣùwọ̀n tó dájú. Bí wọ́n bá ti da ọ̀kan tán, wọ́n á ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé àmì sí ibi tó tutù dé. Bí tánkì bá rí roboto bí ìlù tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn àmì náà kò ní jìnnà síra bákan náà: wọ́n á jìnnà síra ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè, wọ́n á sún mọ́ra ní àárín, torí ibẹ̀ ni tánkì ti fẹ̀ jù. Ẹni tó bá fi rúlà pín ọ̀pá rẹ̀ dọ́gbadọ́gba ti ṣìnà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àkísà nu ọ̀pá náà gbẹ kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ tó jáde, kí awakọ̀ àti ọ̀gá jọ wò ó. Bí ó bá dé, kí wọ́n tún jọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ì bá má ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ká ní ọ̀pá yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó.

Ọ̀nà náà ńkọ́? Láti Mando, ọ̀nà tó yá jù lọ sí Èkó gba Birnin Gwari, Tegina, Mokwa, Jebba àti Ìlọrin. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà Birnin Gwari dà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wá ń gba Abuja lọ sí Lọ́kọ́ja, kí wọ́n tó já sí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà yẹn gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, dísẹ̀lì rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ọ̀gá tó bá ṣírò lítà Birnin Gwari, tó sì ń retí kí awakọ̀ gba Lọ́kọ́ja, ó ń fi owó tirẹ̀ díwọ̀n ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kọ ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà sínú àdéhùn kí ẹ tó kọ lítà. Bí ohun kan bá sì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tó mú kí awakọ̀ yà, kí ó pe ọ̀gá lórí fóònù níbẹ̀, kí wọ́n jọ fi lítà kún un, kó má di ohun tí wọn yóò máa jà lé lórí nígbà tó bá délé.

Ibi tí ẹ ti ń ra dísẹ̀lì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọpo Kàdúná wa. Láti ọdún 1980 ni wọ́n ti ṣí i, ó lágbára láti fọ 110,000 àgbá epo rọ̀bì lóòjọ́, páìpù ló sì ń gbé epo rọ̀bì wá fún un láti ìhà Warri. Fún ọdún gbọọrọ ni kò ti fọ nǹkan kan, ìjọba sì gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Daewoo ti Kòríà. Nítorí ìdákẹ́ rẹ̀, tánkà ló ń gbé dísẹ̀lì tí à ń rà ní Kàdúná wá láti ìsàlẹ̀, tánkà náà sì ń jó dísẹ̀lì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí iye lítà fi máa ń wọ́n lápá òkè níbí ju ti Èkó lọ. Awakọ̀ tó bá ń ti Èkó bọ̀ ní láti rọ tánkì kún níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Kàdúná lọ, kí ó ra èyí tó máa gbé e dé ibi tó ti rọ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lé e fún ewu, kí ó ra ìyókù níbẹ̀. Àdéhùn lítà kò sì dí ọ̀nà yìí rárá. Kí ọ̀gá kàn sọ ìlú tí wọn yóò ti rà á, kí ó san án níye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀.

Ó wá ku bí a ṣe ń san án. Tẹ́lẹ̀, owó kéèṣì ni gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ á dì í mọ́ ìbàdí, á rọ́ ọ sábẹ́ ìjókòó, á fi apá kan pamọ́ sínú àpótí irinṣẹ́, kí olè má baà rí gbogbo rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló là wá lójú. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé wọ́n máa pààrọ̀ ìwé owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n dá ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 fún òpin owó àtijọ́, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, owó àtijọ́ kúrò nílẹ̀, owó tuntun kò sì tó nǹkan. Ìpínlẹ̀ wa Kàdúná, pẹ̀lú Kogi àti Zamfara, ló kọ́kọ́ gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí ọdún yóò fi parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ọkọ̀ tó ru tòmátì lè dúró síwájú ilé epo tí dísẹ̀lì kún inú rẹ̀, kí owó sì wà nínú àkáǹtì ọ̀gá, síbẹ̀ kí ọkọ̀ má lè kúrò lójú kan. Ilé epo ní àwọn kò gba owó orí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ti dákú, ẹni tó ní POS sì ń gba èlé tó pọ̀ lórí owó tó bá fún ẹ. Tòmátì kì í dúró de báńkì. Àwọn tó jẹ gbèsè ẹrù lọ́dún yẹn ṣì ń san án lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń san owó sí àkáǹtì ilé epo fúnra wọn. Ó dára, awakọ̀ kò ní gbé owó ńlá kiri mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí awakọ̀ débẹ̀, kí ó pè, kí ó sọ iye tí lítà jẹ́ lójú pọ́ǹpù. Kí ọ̀gá bá máníjà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àkáǹtì tó bá ní orúkọ ilé epo ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ti ọmọọṣẹ́ tó dúró ti pọ́ǹpù. Kí ẹ sì mọ̀ pé máníjà náà ń bẹ̀rù àlẹ́ẹ̀tì irọ́ tí àwọn gbájúẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Bí ó bá ní òun máa dúró kí owó wọlé gan-an kí òun tó rọ dísẹ̀lì, kò ṣẹ̀ yín. Ẹ tètè san án, kí awakọ̀ má baà dúró sínú òkùnkùn de nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwìn ni ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún ọlọ́kọ̀ tó ní ọkọ̀ bíi mẹ́ta sí mẹ́wàá, bí ilé epo bá jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ yan ilé epo kan ní Kàdúná, ọ̀kan lójú ọ̀nà, ọ̀kan l'Ékòó. Kí ìwé méjì wà, ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ awakọ̀: déètì, nọ́ńbà ọkọ̀, iye lítà, iye náírà lórí lítà kan, àmì ọwọ́ awakọ̀ àti ti ẹni tó rọ ọ́. Ẹ máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má di òkè. Ilé epo lè fi náírà díẹ̀ lé e nítorí àwìn. Ẹ dúnàá-dúrà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá máa ń lo káàdì epo, irú èyí tí TotalEnergies ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀: awakọ̀ á tẹ nọ́ńbà àṣírí, rìsíìtì á sì bọ́ síwájú ọ̀gá. Ó mọ́ tónítóní, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ojú ọ̀nà ni ilé epo wọn wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Kobo360 náà jáde, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2017 láti máa fi íntánẹ́ẹ̀tì so ẹlẹ́rù pọ̀ mọ́ ọlọ́kọ̀, tí wọ́n ń san apá kan owó ọkọ̀ ṣáájú kí dísẹ̀lì lè wọ tánkì.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ fi sanwó, ìdí pọ́ǹpù ni owó ti ń sọnù. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ dúró síbi tí ẹ ti lè rí ojú mítà. Kí odo wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí iye orí lítà bá èyí tí wọ́n kọ síta mu. Kí mọ́tò-bọ́ì dúró ti ọrùn tánkì, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dá a dúró títí wọ́n á fi yọ rọ́bà. Bí 300 lítà bá wọlé lójú mítà, kí ọ̀pá yín náà sọ 300. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé garawa òṣùwọ̀n wọn wá, kí wọ́n rọ ọ́ sínú rẹ̀ lójú yín. Kẹ́ẹ̀gì ofeefee kì í ṣe òṣùwọ̀n, torí èyí tí wọ́n kọ 25 sí lára máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé epo tó bá kọ̀, àjọ NMDPRA tí òfin epo ọdún 2021 dá sílẹ̀ ni ẹ ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n ní agbára láti ti pọ́ǹpù tó ń rẹ́ni jẹ pa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò rọrùn láti sọ. Àwọn awakọ̀ kan ń fa dísẹ̀lì tà lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń rà á wà, tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì wọn. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn, olè ni. Àmọ́ mo ti rí ìwé owó tí wọ́n fi ń san awakọ̀ kan, mo sì mọ̀ pé owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó bọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá ń so àgádágodo mọ́ ọrùn tánkì, ó ń ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀, ó sì ti gbàgbé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé, lítà tí awakọ̀ bá fọgbọ́n wà kù nínú àdéhùn, kí ẹ fi owó rẹ̀ pín sí méjì, kí awakọ̀ gba ìdajì lọ́jọ́ tó dé, lójú mọ́tò-bọ́ì rẹ̀. Ẹni tó ń fa lítà tà lẹ́bàá ọ̀nà, iye tó kéré sí ti ilé epo ló ń gbà. Bí ẹ bá fún un ní ìdajì rẹ̀ ní gbangba, ìdánwò tó ń bá a lóru kò ní í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Yóò dẹ ẹsẹ̀ lórí ìtẹ̀, yóò pa ẹ́ńjìnì nígbà tó bá dúró, yóò sì sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun jù.

Kí awakọ̀ ní ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú, ìwé tí kì í ṣe ti ọ̀gá. Bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ìwé yẹn ni yóò fi han ọ̀gá kejì iye lítà tó fi wa ọkọ̀ dé Èkó àti iye tó dá padà. Mo ti rí i tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní onídùúró.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní déédéé àkókò yìí, táyà la ó gbé yẹ̀ wò, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń jẹ dísẹ̀lì pẹ̀lú. Ẹ mú nọ́ńbà tí ẹ bá rí lójú mítà yín dání.